Iná Kan Ṣoṣo Ló Rí

Ọdún tí ojú ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni mo fi mọ́tò wíwà sílẹ̀. Ọdún náà ni ìyàwó mi sọ pé òun fẹ́ kọ́ ọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìbejì, ẹsẹ̀ ẹ máa dé bíréèkì báyìí?"

"Tí kò bá dé e, màá fi tìmùtìmù sẹ́yìn mi. Ẹ ṣáà kọ́ mi. Ta ló fẹ́ máa gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú?"

Òótọ́ ni pé ó kúrú. Ó fi tìmùtìmù náà sẹ́yìn lóòótọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì dé e.

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní mọ́tò kó tó kàn án. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ọkọ̀ akérò ni mo wà láti kékeré, Èkó sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Èkó, títí mo fi kọ́ yàrá díẹ̀ sí Mowe nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ra mọ́tò kékeré kan, mo lẹ L pupa mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀, mo ń kọ́ àwọn ará Mowe àti Ibafo. Mo rántí orúkọ gbogbo wọn, mo lè jókòó kí n máa pè wọ́n láti àárọ̀ di ọ̀sán: nọ́ọ̀sì tó máa ń bọ́ bàtà kó tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tíṣà tó máa ń pariwo Jésù nígbàkígbà tí tírélà bá kọjá, bíríkìlà tó ń wa mọ́tò bí ẹni tó ń ti bárò. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ ẹnì kankan síbí. Àwọn tó ṣì wà láyé nínú wọn ò rán mi níṣẹ́. Orúkọ ìyàwó mi sì ti wúwo lẹ́nu mi látìgbà tó ti lọ.

Ráńdábáòtù ló máa ń ba gbogbo wọn lẹ́rù. Ẹni tó ti ń wa mọ́tò geere lójú ọ̀nà tààrà, tó bá ti dé ibi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé yíká òbìrìkìtì kan, á tẹ bíréèkì dúró gbọin. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀rù níbẹ̀. Dẹwọ́ eré kí o tó dé e. Wo apá òsì ẹ, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ti wà nínú ẹ̀ ti ń bọ̀. Àwọn ló lọ̀nà, ìwọ ló máa dúró. Tó bá jẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ lo fẹ́ yà sí, rọ̀ mọ́ apá ọ̀tún. Tí o bá ń lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, sún mọ́ àárín. Má dúró nínú ẹ̀ kí o wá máa ronú. Kí o tó jáde, tan iná ọ̀tún, kí o sì wo díńgí, torí ọlọ́kadà kan á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Gbogbo ìyẹn dára. N kò kábàámọ̀ ọ̀kankan nínú ẹ̀.

Èyí tó kù ni mo kábàámọ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ti gbà á. Tíráfíkétọ̀ là ń pe iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ọ̀gá mi ní, tí o bá ń yà sọ́tùn-ún, tan tọ̀tún. Tí o bá ń yà sósì, tan tòsì. Tí o bá ń lọ tààrà, tan méjèèjì. Ó dùn létí, ó sì rọrùn láti rántí. N kò bi í pé kí ló dé. Gbogbo awakọ̀ tí mo mọ̀ ló ń ṣe é. Mo sì kọ́ gbogbo àwọn tí mo kọ́ bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé tíréè sórí tábìlì níwájú ìyàwó mi, mo da abọ́ kan dé àárín ẹ̀, mo fi páálí ìṣáná ṣe mọ́tò. Mo ń ti ọ̀kan lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ nìyí. Tààrà lò ń lọ. Kí lo máa tan?"

"Méjèèjì."

"O káre."

Ó fi ìka kan páálí tó wà lápá ọ̀tún tíréè. "Èyí ńkọ́, Bàbá Ìbejì? Èyí tó dúró, tó fẹ́ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń wò. Ṣé ó máa rí iná tòdìkejì?"

"Ó máa rí i."

"Láti ibo? Àbí ó máa ń rí inú mọ́tò já ni?"

"Ìyá Ìbejì, ta ló ń kọ́ ta?"

"Ẹ̀yin ni. Mo kàn ń béèrè ni."

Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí ìṣó, ó ní kí n máa bọ̀. Ó jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, ó tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì, ó ní kí n lọ dúró lẹ́bàá géètì, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mọ́tò.

"Iná mélòó lẹ rí?"

"Ìkan."

"Ìkan wo?"

"Tọ̀tún."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dúró tí ẹ fẹ́ wọlé, kí lẹ máa rò pé mo fẹ́ ṣe?"

Mo mọ ìdáhùn. Màá rò pé ó fẹ́ yà wá sí ọ̀nà tèmi, pé kò ní gba iwájú mi kọjá, màá sì wọlé. Ibi tí mo dúró sí yẹn gan-an ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi kò dára. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan ń fọ mọ́tò ẹ̀ lódìkejì, ó ti dáwọ́ dúró, ó ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá!" ni ó pè mí. "Ó jọ pé Màmá ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín o! Ẹ wá bá mi fọ mọ́tò, mo ní àyè."

Ojú tì mí. Mo jágbe mọ́ ìyàwó mi níwájú ọkùnrin náà. Mo ní ogójì ọdún ni mo fi wa mọ́tò, n kò pa adìẹ rí. Mo ní ohun tí mo bá ní kó tan ni kó tan, àbí kó lọ wá olùkọ́ mìíràn.

Ó pa iná náà. Ó ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Kì í pè mí ní sà, àfi tí inú bá ti bí i gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń lọ sínú Kámpù, ọgbà àdúrà ńlá tó wà lẹ́bàá Mowe, torí ọ̀nà ibẹ̀ máa ń dá nígbà tí kò bá sí ìpàdé àdúrà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yípo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó wọ inú òbìrìkìtì láìtan iná méjèèjì. Mo fọwọ́ gbá iwájú mọ́tò. Ó tan án. Ní ìgbà kejì, mo tún gbá a. Nígbà tó ṣe, ó ń tan án tí mo bá ti gbé ọwọ́ sókè. Ó sì mọ̀ ọ́n wà ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí mo kọ́ lọ. Kì í ti ẹnikẹ́ni kúrò lọ́nà. Tí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ fi ara ńlá ẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, á dúró, á ní, "Ẹ máa lọ, ọ̀gá, ilé wa ò jó," á wá tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Ibogun. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, à ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Èmi ni mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi, ìkòkò ọbẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ mi. A dé ráńdábáòtù kan kí á tó wọ Ifọ̀. Ó dẹwọ́. Ó wo òsì. Ó dúró de bọ́ọ̀sì kan tó ti wà nínú ẹ̀. Ó wọlé bó ṣe yẹ, kò tan nǹkan kan.

Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo ní, "Méjèèjì dà?"

Ó tan méjèèjì.

Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró lórí ọ̀kadà lápá ọ̀tún wa, ó fẹ́ wọlé. Ó wo mọ́tò wa. Iná kan ló rí, ó ń ṣẹ́jú. Ó rò pé à ń yà sí ọ̀nà tòun, ó sì wọlé. Òun ò sáré, àwa náà ò sáré. Ìró ẹ̀ kò ju ìgbà tí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn pa lọ. Orúnkún ẹ̀ wà láàárín ọ̀kadà ẹ̀ àti iwájú mọ́tò wa. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọbẹ̀ ti dà sí mi lẹ́sẹ̀, n kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó gbóná.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni, ó wá ṣiṣẹ́ lágbègbè wa, ó rẹ́ǹtì yàrá kan ní Ifọ̀. Táìlì ló máa ń lẹ sí ilẹ̀ ilé àwọn èèyàn. Ẹni tó bá ti rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n máa ń wà láti àárọ̀ títí tí ilẹ̀ á fi ṣú. Dókítà ní egungun náà á jiná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ní ká mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni pé, "Màmá, ẹ tan ọ̀tún. Mo rí i. Kí ló dé tí ẹ ò yà?"

Ìyàwó mi ń sunkún. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà kó ẹni méjì wá bá wa ní Mowe. Kò fẹ́ ti ọlọ́pàá. Àwọn onílé àdúgbò wa bá wa jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ alága wọn, tí ilé ẹ̀ kángun sí tiwa. Ẹ̀gbọ́n náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtẹríba.

"Màmá, a ò wá jà. Ẹ ò sá, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, a rí i. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ mọ̀. Wọ́n ní iná méjèèjì ló ń ṣẹ́jú. Ta ló ní kí ẹ tan méjèèjì?"

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Kò wò mí pẹ́. Bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Gbogbo ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ mọ̀ mí sí tíṣà mọ́tò. Mo ti kọ́ ìyàwó alága. Mo ti kọ́ ọmọ akọ̀wé. Mo wo ilẹ̀.

Mo ní, "Mo ti sọ fún un pé kó má máa ṣe é. Kò gbọ́."

Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíràn ní, "Ìyẹn nìkan ni wàhálà àwọn obìnrin. Ẹni tí tíṣà wà nílé ẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí wọ́n fi ń pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì wò mí mọ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọkùnrin tí kò tó àkọ́bí ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ẹ forí jì mí."

Nígbà tí a délé, mo ń dúró kó bú mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún un, èébú ì bá tiẹ̀ tù mí lára. Ó ro ẹ̀bà. Ó ní, "Ẹ wá jẹun." Ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ orí ìṣó, kò fọwọ́ kàn án mọ́ títí mo fi ta mọ́tò náà. Èmi náà kò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní ojú mi ni.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìyàwó mi á se oúnjẹ sínú kúlà, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ifọ̀, á gbé e lọ fún ọmọkùnrin náà. Tó bá padà dé, màá ní, "Ó gbà á?" Á ní, "Ó gbà á." Ọdún mẹ́rin. Mo gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ náà. Màá ní, "Ìyá Ìbejì." Á ní, "Kí ni?" Màá ní, "Omi." Á sì lọ bu omi wá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ lákòókò òjò tó kọjá yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó tì í láti àárọ̀, mo ti tò ó sínú mi bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó bá ti jí. Kò jí.

Àwọn èèyàn wá sí ìsìnkú ẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn tó ti bá ránṣọ wá, àwọn tó ti bá tọ́jú ọmọ wá. Ọmọkùnrin Ifọ̀ nìkan ni kò wá. Èyí obìnrin nínú àwọn ìbejì bínú gan-an. Ó ní, "Dádì, gbogbo oúnjẹ tí Mọ́mì gbé fún ọkùnrin yẹn! Kó tiẹ̀ fi fóònù kí wa!" Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ifọ̀.

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá ẹlòmíràn ta táìlì. Ó jókòó sórí àga gíga, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan nà síwájú gbọnrangandan.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú pé mi ò dìde. Ẹ kú ìrọ́jú, mo gbọ́."

N kò jókòó. Mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó, màá béèrè omi.

Mo ní, "Èmi ni mo ní kó tan méjèèjì. Nínú ráńdábáòtù yẹn gan-an, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní kó tan án. Òun ò fẹ́. Ó ti fi hàn mí tẹ́lẹ̀ níwájú ilé wa pé ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná kan ló máa rí. Mo mọ̀. Mo wá purọ́ mọ́ ọn níwájú ẹ̀gbọ́n ẹ."

Oníbàárà kan wọlé, ó béèrè táìlì ilé ìwẹ̀, ọmọkùnrin náà dá a lóhùn dáadáa, ó fi oríṣi méjì hàn án. Ìgbà tí ẹni náà jáde ló tó kọjú sí mi.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí mo máa ń fi oúnjẹ Màmá ṣe?"

"Rárá."

"Màá gbà á lọ́wọ́ wọn, màá ní ẹ ṣeun. Tí wọ́n bá ti yí ẹ̀yìn padà, màá gbé e fún àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Mi ò tọ́ ọ wò rí. Mo máa ń sọ pé obìnrin tí ọkọ ẹ̀ kìlọ̀ fún, tó ṣorí kunkun, tó wá fọ́ orúnkún mi, kí n tún máa jẹ oúnjẹ ẹ̀? Lọ́jọ́ kan wọ́n gbàgbé agboòrùn síbí. Wọ́n padà wá mú un, wọ́n bá àwọn yẹn níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́."

"Kí ló sọ?"

"Wọ́n ní kí wọ́n rọra jẹ ẹ́, pé egungun pọ̀ nínú ẹja náà. Wọ́n mú agboòrùn, wọ́n lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbé e wá."

N kò mọ̀ nípa ìyẹn. "Ó gbà á" ni ìyàwó mi sọ fún mi lọ́sẹ̀ náà, bíi ti gbogbo ọ̀sẹ̀.

Mo ní kó forí jì mí. Ó mi orí.

"Èmi kọ́, Bàbá. Ẹ wá síbi tí ẹ ti sọ ọ́ mọ́ wọn, kí ẹ tún un sọ níbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ. Ẹ dá ọjọ́, a máa wá."

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè tí àwọn onílé máa ń ṣèpàdé ni mo dá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni, alága kan náà ni. Mo dìde, mo sọ gbogbo ẹ̀, n kò yọ ti iwájú ilé kúrò. Aládùúgbò tó ń fọ mọ́tò lọ́jọ́ náà wà níbẹ̀, ó rántí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Alága ní, "Ó ti kọjá, Bàbá. Màmá ti sinmi. Kí lẹ tún ń tú u fún?"

Ẹlòmíràn ní, "Ta ni kì í tan méjèèjì nínú wa?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún wo òsì, kò rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà ti dìde dúró. Kò pariwo. Ó ní, "Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó tó bí mi kúnlẹ̀ fún mi níbí, ẹ jókòó, ẹ sì ń wò. Ta ni kí n wá lọ bẹ̀ báyìí, Bàbá?"

Ìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́rùn mi títí mo fi ń kọ èyí.

Àbúrò ẹ̀ béèrè pé, "Níbo lẹ sin wọ́n sí?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn ilé wa."

Ó fọwọ́ ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ léjìká, ó dìde. Mo gbéra láti mú wọn lọ.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni ọmọkùnrin náà wí. "A máa rí i."

Mo jókòó. Alága bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gọ́tà àdúgbò. Láti ibi tí mo wà, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà bó ṣe ń wọ́ ọ lórí òkúta wẹ́wẹ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé mi, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.